Ọbẹ̀ Tí Mọ̀dínátù Kò Lè Tọ́ Wò

Obìnrin kan ń bẹ ní Ìgàndó, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Mọ̀dínátù lorúkọ rẹ̀. Ìtàn ìfẹ́ ayé àtijọ́ ló ń kọ. Ẹni tó bá ka ìwé rẹ̀, ebi á pa á dandan ni. Jagunjagun kì í ti ojú ogun dé kó má bá èkuru àti ata díndín nílẹ̀. Ọlọ́mọge kì í sunkún títí kó gbàgbé ìṣápá tó wà lórí iná. Bí Mọ̀dínátù ṣe ń kọ̀wé náà nìyẹn: fóònù lọ́wọ́ kan, ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́ kejì. Á tẹ ọ̀rọ̀ díẹ̀, á lá ọbẹ̀ díẹ̀.

Ni ààwẹ̀ bá wọlé dé.

Àṣé ẹnu ló fi ń kọ̀wé látọjọ́ yìí! Ìwé tuntun ku orí kan ṣoṣo. Nínú orí náà, ogun ti dé etí ìlú; Àdìgún fẹ́ sá lọ sí gúúsù, ó fẹ́ kí Àwẹ̀ró, olólùfẹ́ rẹ̀, bá òun lọ. Ṣùgbọ́n látìgbà tí Mọ̀dínátù ti ń gbààwẹ̀, ìjà làwọn méjèèjì ń jà. Àdìgún á ní, "Jẹ́ ká lọ." Àwẹ̀ró á ní, "Ká lọ síbo? Ta ló rán ẹ sí mi?" Mọ̀dínátù pa á rẹ́, ó tún un kọ, èébú ló tún jáde.

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Olúgbénga tó ń bá a tẹ̀wé pè é.

"Mà, ẹ̀yin ni mò ń dúró dè o. Bí ilẹ̀ bá ṣú lónìí tí n kò rí orí tó kù yẹn, ìwé ẹlòmíì ni màá gbé sórí ẹ̀rọ. Tiyín ò ní í jáde kí ọdún tó dé."

"Màá fi ránṣẹ́, jàre. Àwọn ọmọ yìí ló ń ṣagídí."

"Ọmọ wo, mà? Ṣebí ẹ̀yin lẹ dá wọn?"

Ara Mọ̀dínátù ò gba ìjókòó mọ́. Ìgbà ọdún làwọn èèyàn máa ń wá ìwé rẹ̀ gbé relé. Tí ọdún bá kọjá, ta ni yóò béèrè? Ó gbá iwájú ilé tó ti gbá láàárọ̀. Ó gbé ìṣápá kaná fún ìṣínu. Ó ṣí i, ó dé e, ó tún ṣí i.

Lásìkò ààwẹ̀, Abigail, onígbàgbọ́ tí yàrá wọn kọjú síra, ló máa ń bá a tọ́ ọbẹ̀ wò.

"Ìyá Hope! Gbé ẹnu rẹ wá o!"

"Ẹnu mi rèé," ni Abigail wí. "Ẹ ti sọ ọ́ di òṣìṣẹ́."

Ó bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó lá a.

"Báwo ló ṣe rí?"

"Iyọ̀ ti tó."

"Iyọ̀ nìkan? Ṣé ó kan díẹ̀? Ṣé ẹ̀gúsí ẹ̀ ń sọ̀rọ̀?"

"Ìyá Qonitah, ọbẹ̀ lẹ ní kí n lá, ẹ ò ní kí n wàásù!" Ó rẹ́rìn-ín, ó tún lá a, ó wá dijú. Nígbà tó la ojú, ó ní, "Kí lẹ ń wò mí bẹ́ẹ̀ fún? Ẹ fẹ́ gbà á lẹ́nu mi ni?"

Mọ̀dínátù ti jókòó sórí àpótí, ó ń tẹ orí tó kù sórí fóònù:

Àwẹ̀ró fi èlò tó kù nílé se ọbẹ̀. Kò tó èèyàn méjì. Ó gbé gbogbo rẹ̀ síwájú Àdìgún, òun dúró, ó ń wo ojú ẹ̀. Àdìgún fi ẹnu kàn án, ó dáwọ́ dúró.

"Ìwọ ńkọ́?"

"Ebi ò pa mí."

"Irọ́ lò ń pa." Ó dé ìkòkò náà, ó fi aṣọ dì í. "A ó jẹ ẹ́ lọ́nà."

Àwẹ̀ró ò bú u. Ó lọ mú ìró rẹ̀ kejì fún ìrìnàjò náà.

"Ìyá Qonitah, ọbẹ̀ yín ń jó o!"

Mọ̀dínátù kò dìde. Ó fi orí náà ránṣẹ́ sí Olúgbénga ná.

Kò pẹ́ púpọ̀, Olúgbénga pè. "Ó dùn, mà. Mo ti gbé e sórí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n máa fi jẹ ọbẹ̀ náà?"

Mọ̀dínátù fò dìde. "Yéè! Dá a padà, kí n fi ẹ̀kọ sí i!"

"Ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́, mà."

Oòrùn wọ̀, wọ́n pe ìrun Mọ̀gàríbì. Abigail gbé ìrẹsì tirẹ̀ wá, nítorí ìṣápá ti di èédú, ó ní kí Mọ̀dínátù jókòó jẹun. Kò jókòó. Orí ìdúró ló ti ṣínu, ó ń rìn sókè sódò. Ọ̀nà gúúsù jìn, àwọn ọmọ náà ò sì mú ẹ̀kọ dání.