Sàlẹ́ńsà Tí Bàbá Mi Dá Ihò Sí

Òórùn bẹntiróòlù tó jóná àti igi tútù wọ ọ́fíìsì mi láàárọ̀ yìí. Wọ́n ń fi ẹ̀rọ gé igi lẹ́yìn ilé ìkàwé.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, lọ́sàn-án ọjọ́ kan nílé wa ní Ilé-Ifẹ̀, ìrókò tí wọ́n gbé fún bàbá mi tó jẹ́ agégi láti gé borí ẹ̀rọ rẹ̀, onígi sì ní òun yóò pe ẹlòmíràn. Bàbá tú sàlẹ́ńsà tó ń pa ariwo ẹ̀rọ náà, ó ní kí mẹkáníìkì dá ihò sí i kí èéfín lè ráyè jáde, kí ẹ̀rọ sì lágbára. Bí wọ́n ṣe tan án, adìẹ fò gun orí páànù.

Mẹkáníìkì kígbe pé: "Bàbá Àdùkẹ́, ẹ fi òwú dí etí o!"

"Ṣé etí ni mo fi ń gégi ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ayùn wọ ìrókò bí ọ̀bẹ ṣe ń wọ ẹ̀kọ.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé etí rẹ̀ gan-an ni ó fi gé àwọn igi tó rán mi lọ sí yunifásítì.

Nípàdé níbi iṣẹ́ mi, àwọn tí òtítọ́ kò bá lára mu a máa ní kí n rẹ ohùn sílẹ̀. A kò tọ́ mi bẹ́ẹ̀.

Bí mo ṣe ń gbọ́ ẹ̀rọ náà láàárọ̀ yìí, mo pe Bàbá lórí fóònù, mo pariwo: "Ẹ ṣeun, Bàbá!"

Ó dáhùn: "Gbóhùn sókè, Àdùkẹ́!"