Iwájú Àǹtí Sherifat

Ní Kawo ní Kaduna, nílé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀, ni wọ́n bí Bilqees sí. Ó ti kéré tó ti ń gun kẹ̀kẹ́ oníkẹ̀kẹ́ kiri, á ní òun kàn ń wò ó bóyá bàbá òun tún un ṣe dáadáa ni. Àwọn aládùúgbò sọ, wọ́n sọ pé kẹ̀kẹ́ kò yẹ ọmọbìnrin, ẹnu wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Adégbọlá, bàbá rẹ̀, kọ etí ikún sí wọn. Ohun kan ṣoṣo ni kò gbà nílé rẹ̀: ọmọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ rí àgbà fín. Ìyẹn wọ Bilqees lára ju kẹ̀kẹ́ lọ.

Sherifat, ọmọ àdúgbò Nasarawa, ni agùnkẹ̀kẹ́ obìnrin tí apá ẹnikẹ́ni kò ká ní Kaduna nígbà náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbọ́ táyà lẹ́yìn rẹ̀ lójú títì. Ó sáré, táyà náà sáré. Nígbà tó wẹ̀yìn, ọmọbìnrin kan tó we híjáàbù pinpin ló rí.

"Ina kwana, Àǹtí," ni ọmọ náà wí. Èdè Hausa ló fi kí i, ṣùgbọ́n bó ṣe fẹ́ kúnlẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ni Sherifat fi mọ̀ pé ọmọ Yorùbá ni.

Ó mú un wọ ẹgbẹ́ wọn. Eré inú pápá ni, eré ojú títì ni, wọ́n jọ ń lọ. Atẹ́gùn ni ọ̀tá agùnkẹ̀kẹ́: ẹni tó wà níwájú ló ń là á, ẹni tó sá sẹ́yìn rẹ̀ ń tọ́jú agbára. Sherifat ló máa ń là á. "Tí mo bá ti ní wuce," á wí, "kọjá, má wẹ̀yìn."

Lọ́dún 2014, wọ́n ní ẹni tó bá gba ipò kìíní nínú eré ojú títì kan ní Kaduna ni yóò lọ ṣojú Nàìjíríà lókè òkun. Orúnkún ti ń yọ Sherifat lẹ́nu. Ó sọ fún Bilqees gbangba: "Ìwọ lo máa lọ. Èmi á gbé ẹ débẹ̀."

Ó sì gbé e. Láti Kudenda ni wọ́n ti fi àwọn yòókù sílẹ̀, Bilqees fara pamọ́ bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n. Nígbà tí ìlà ìparí yọ lọ́ọ̀ọ́kán, Sherifat yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ké pé, "Wuce!" Bilqees bá a dọ́gba. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì le. Ló bá rí ojú Sherifat, tí òógùn bò. Ó ṣe é bí ẹni tó fẹ́ gba iwájú ìyá rẹ̀ kọjá láìkí i. Ó tẹ bíréèkì. Sherifat ló kọ́kọ́ dé ìlà.

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni, mi ò lè bú u, ṣùgbọ́n ta ló rán an níṣẹ́ yẹn?

Sherifat bẹ àwọn aláṣẹ kí wọ́n fi ààyè náà fún àbúrò òun. Wọ́n ní ẹni tó borí ló borí. Ó lọ, orúnkún rẹ̀ kò sì jẹ́ kó parí eré.

"O rò pé ọ̀wọ̀ lo bù fún mi?" ló bi Bilqees nígbà tó dé. "Iṣẹ́ mi lo dà nù. Èmi ò parí eré níbẹ̀, ìwọ náà ò débẹ̀."

Bilqees sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

Lọ́dún kejì, ààyè náà tún ṣí. Dókítà ti ní kí Sherifat má sáré mọ́. Ó gbọ́, ó sì forúkọ sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó sílé, Àǹtí."

"Tí mo bá jókòó, iwájú ta lo ti máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọjá?"

Ó tún la atẹ́gùn fún un títí ìlà fi yọ. "Wuce." Kò ké e lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ohùn mọ́. Omi ń dà lójú Bilqees. "Ẹ foríjì mí, Àǹtí," ló wí, ó tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀, ó kọjá.

Ìgbà tó ré ìlà kọjá ló tó wẹ̀yìn. Sherifat ti jókòó sójú títì, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún mú. Bilqees ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó sáré padà, ó kúnlẹ̀ lórí ọ̀dà gbígbóná. Wọ́n ti ń pe orúkọ rẹ̀ níbi ìparí.

"Dìde níbẹ̀ yẹn," ni Sherifat wí. "Iwájú ni wọ́n ti ń pè ọ́, kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi."