Ohùn Màmá Nínú Kọ̀ǹpútà Méjì

Òórùn káfúrà inú àpótí aṣọ, àti ti eruku tí iná mànàmáná ti mú gbóná, ni ó máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn ní yàrá àwọn òbí mi ní Ọ̀yọ́. Kọ̀ǹpútà tí mo rà fún wọn nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ibẹ̀ ni Màmá máa ń jókòó sí nígbà tí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró kò jẹ́ kí wọ́n lè dé ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn ara wọn sílẹ̀. Wọ́n á sọ bí wọ́n ṣe bí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa, irú òjò tó rọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹni tó kọ́kọ́ gbé wa mọ́ra, wọ́n á sì fi oríkì wa kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni èmi ń gbé, ní àdúgbò Under G lẹ́gbẹ̀ẹ́ yunifásítì, níbi tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mo ti rí ọ̀pọ̀ nínú wọn tó sunkún níwájú mi nítorí iṣẹ́ tó bá kọ̀ǹpútà lọ, n kò sì fẹ́ kí ti Màmá rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà mo so kọ̀ǹpútà Ọ̀yọ́ pọ̀ mọ́ tèmi. Fódà kan tí à ń kó àwọn fáìlì ohùn Màmá sí wà lórí tiwọn, irú rẹ̀ wà lórí tèmi. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti dé, méjèèjì á yẹ ara wọn wò, ohun tó bá yàtọ̀ nìkan ni wọ́n á fi ránṣẹ́ síra wọn, kí dátà má baà ṣòfò. Bí mo bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ tí mo rí i pé fáìlì tuntun yọ, mo mọ̀ pé Màmá jí ire. O ò lè mọ bí ìyẹn ṣe ń fi mí lọ́kàn balẹ̀ tó.

Oyún wà nínú mi nígbà náà. Nígbà tí fáìlì tó gbẹ̀yìn dé, Màmá fúnra wọn pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní ti ọmọ inú mi ni, kí n má tíì ṣí i, kí n jẹ́ kí ọmọ dé kí àwa méjèèjì jọ gbọ́ ọ. Mo ṣèlérí fún wọn. Kò pẹ́ sí i ni wọ́n dákẹ́.

A sin wọ́n, mo sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣí fódà náà, n kò rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún tàn án, òfìfo ni. Mo pe Bàbá, mo bi wọ́n bóyá nǹkan ṣe kọ̀ǹpútà ọ̀dọ̀ wọn.

“Èmi ni mo pa àwọn ohùn náà rẹ́,” ni wọ́n wí.

Mo wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ náà, ọwọ́ mi wà lórí ikùn mi ní gbogbo ọ̀nà, inú sì ń bí mi gidigidi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí Bàbá, tí ọrùn wọn ti tín-ín-rín nínú aṣọ, n kò rí ìbínú náà lò. Wọ́n ní ikọ́ tó wà láàárín ọ̀rọ̀ Màmá ni àwọn kò lè fara dà. Bí àwọn bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, á máa ṣe àwọn bíi kí àwọn ṣí i. Bí àwọn bá sì ṣí i, oúnjẹ ò ní gba ọ̀nà ọ̀fun àwọn lọ mọ́ lọ́jọ́ náà.

“Mo rò pé tìẹ wà lọ́dọ̀ ẹ,” ni wọ́n sọ. “Tèmi nìkan ni mo ní kí n mú kúrò níwájú mi.”

Bẹ́ẹ̀ rèé, kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé ẹnì kan ń ṣọ̀fọ̀. A ti ní kó máa mú kí ibi méjèèjì bára mu. Nígbà tí ti Ọ̀yọ́ ṣófo, ó sọ ti Ògbómọ̀ṣọ́ náà di òfìfo.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló sọnù. Mo ti da púpọ̀ nínú ohùn náà kọ sórí háàdì dísíìkì kan tí n kì í fi sílẹ̀ lára kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n kí Màmá tó ṣe ti ọmọ inú mi ni mo ti ṣe ìyẹn. Mo lo gbogbo ọgbọ́n tí iṣẹ́ mi kọ́ mi láti wá ọ̀kan yẹn padà. Ariwo lásán tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú ni mo rí.

Nígbà tí mo sọ èyí fún Bàbá, wọ́n jókòó sórí ibùsùn, wọ́n sunkún. N kò rí i kí wọ́n sunkún bẹ́ẹ̀ níbi ìsìnkú pàápàá. Nígbà tó yá, wọ́n nu ojú wọn. Wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ Màmá ni àwọn wà nígbà tí Màmá ń gba ti ọmọ náà sílẹ̀, àwọn ni àwọn di ife omi Màmá mú. Wọ́n nawọ́ sí kọ̀ǹpútà.

“Tan nǹkan yẹn. Màá sọ ọ́ bí ìyá yín ṣe sọ ọ́.”

Mo tàn án kó máa gbà á sílẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́. Wọ́n pe orúkọ tí Màmá fi sílẹ̀ fún ọmọ náà, wọ́n ki oríkì tó tẹ̀ lé e, wọ́n sinmi níbi tí Màmá ti sinmi. Níbi tí ikọ́ ti mú Màmá, Bàbá dákẹ́, wọ́n dúró kó kọjá, kí wọ́n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Obìnrin ni mo bí. Mo gbé e sórí àyà, a jọ gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí mo ti ṣèlérí, ó sì ń jẹ́ orúkọ náà títí di òní.

Mo ṣì ń so kọ̀ǹpútà pọ̀ fún àwọn ènìyàn, mo sì máa ń sọ fún wọn pé kí ẹ̀dà kan wà lọ́tọ̀, níbi tí àṣìṣe ọwọ́ kò lè dé. Òótọ́ ni mo ń sọ fún wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí n kì í sọ ni pé, ní gbogbo ìgbà tí mo rò pé èmi ni mo ń pa ohùn Màmá mọ́, Bàbá tó ń sá fún ohùn náà ni kò gbàgbé ẹyọ ọ̀rọ̀ kan.