Orúkọ Tó Wà Nísàlẹ̀ Lẹ́tà

"Sọ fún ọ̀gá mi kí wọ́n yọ orúkọ mi nísàlẹ̀ lẹ́tà wọn bí mo bá ti lọ. Òkú kì í tọrọ nǹkan."

Ọ̀rọ̀ tí obìnrin kan sọ kẹ́yìn fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọmọ àbúrò rẹ̀, nìyẹn, lórí ibùsùn ọsibítù, kó tó yíjú sí ògiri. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní òun ti gbọ́. Ó rò pé àárẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, màmá ti lọ.

Màmá ló ń pè é. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí ìyá tó bí i kú. Obìnrin yìí ló gbé e pọ̀n, òun ló rán an nílé ìwé, òun náà ló sì gbà fún un nígbà tí ìwé ò wọ orí, tó lọ kọ́ṣẹ́ táyà lílẹ̀.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni màmá fi ṣiṣẹ́ ní yunifásítì, nínú yàrá kan tó ní tábìlì méjì àti fèrèsé kan tó kọjú sí ibi ìgbọ́kọ̀sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kọ̀wé sí àwọn tó ti kàwé jáde níbẹ̀, kí wọ́n lè máa dáwó fún àwọn ọmọ tí òbí wọn ò rí ṣe. Kì í tọrọ lójú ẹsẹ̀. Lẹ́tà àkọ́kọ́, ìkíni lásán ni. Lẹ́tà kejì, ìròyìn ilé ìwé. Ó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta kó tó dárúkọ owó. Bó bá sì gbọ́ pé ara ẹnì kan ò yá, á tún padà sórí ìkíni. Wọ́n sọ ọ́ ní Ìyá Ẹ-Kú-Ọjọ́-Mẹ́ta. Bí ọ̀gá bá ní ó ń falẹ̀, á ní, "Ẹ lọ kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn kí ẹ má kí i, ká wo ohun tí wọ́n máa dà sí yín lára."

Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n gbé ẹ̀rọ kan wọ ọ́fíìsì náà, èyí tó ní làákàyè àtọwọ́dá, tó lè kọ ẹgbẹ̀rún lẹ́tà kí èèyàn tó jẹun ọ̀sán tán. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tó kọ, orí owó ló ti bẹ̀rẹ̀. Màmá kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ta ló jẹ eléyìí lówó?"

Wọ́n ní kó kọ́ ẹ̀rọ náà bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé. Ó kó gbogbo lẹ́tà rẹ̀ àtẹ̀yìnwá fún akọ̀wé, ọmọbìnrin tó mọ ẹ̀rọ náà lò, ìyẹn náà sì kó wọn fún ẹ̀rọ. Ojoojúmọ́ ni màmá ń fa ìlà sí àṣìṣe inú ohun tí ẹ̀rọ kọ. Bó bá délé, á máa ròyìn rẹ̀.

"Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi kì í jẹ, kì í mu, kì í sì í bá mi jiyàn. Ìwọ ńkọ́?"

"Ẹ ní kó wá bá mi tú táyà ọkọ̀ akẹ́rù, màmá."

Kí ọdún tó parí, ẹni tó bá ka lẹ́tà ẹ̀rọ á búra pé màmá ló kọ ọ́. Orúkọ màmá ló sì ń wà nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìsìnkú, fóònù màmá dún lápò ọmọ rẹ̀.

"Màmá, mo rí lẹ́tà yín láàárọ̀ yìí," ohùn ọkùnrin kan ló wí. "Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè bí orókún mi ṣe ń ṣe. Inú mi dùn pé ara yín náà ti le."

"Wọn ò sí nílé," ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí, ó sì pa fóònù. Ó wá ń ṣe é bíi pé ó purọ́ mọ́ òkú. Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó gba yunifásítì lọ.

Ọ̀gá kí i kú ara fẹ́ra kù, ó fún un ní àga. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ fóònù náà àti èyí tí màmá fi rán an, ó mí kanlẹ̀.

"A ò gbàgbé, arákùnrin. A dìídì jẹ́ kí orúkọ wọn ṣì wà níbẹ̀ ni. Ogójì ọmọ ló ń fi owó yìí kàwé. Bí mo bá fi orúkọ tèmi síbẹ̀, ta ló mọ̀ mí?"

"Lẹ́tà ní ara wọn ti le, sà."

Akọ̀wé dorí kodò. "Ẹ̀rọ mọ̀ pé wọ́n wà ní ọsibítù. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé wọ́n ti kú; òun ló fi kún un pé ara wọn ti le."

"Ẹ ò sọ fún àwọn èèyàn náà."

"Bí wọ́n bá wá ṣíwọ́ owó dídá ńkọ́?" ni ọ̀gá bi í.

"Mi ò mọ̀, sà. Ṣùgbọ́n táyà tó lu, téèyàn fi ẹrẹ̀ dí ihò rẹ̀, ojú ọ̀nà ló máa dójú tini."

Ọ̀gá gbà. Ó ní kí akọ̀wé jẹ́ kí ẹ̀rọ kọ lẹ́tà tó máa kéde ikú màmá. Ẹ̀rọ kọ ọ́ pé ìràwọ̀ ńlá kan ti wọ̀.

"Màmá ò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀," ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí. "'Ó kú' ni wọ́n máa sọ."

Ó ń pe ọ̀rọ̀ lẹ́tà náà, akọ̀wé ń tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ ń tò ó. Lẹ́tà náà kúrú. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tó ń kọ̀wé sí yín ti kú. Láti ọdún tó kọjá, ẹ̀rọ kan ló ń bá a kọ ọ́, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ́ ẹ̀rọ náà. Èyí tó sọ pé ara rẹ̀ ti le, a ṣì í ni, ẹ forí jì wá. A ò tọrọ nǹkan lónìí.

"Orúkọ ta ni kí n fi sísàlẹ̀?" ni akọ̀wé bi í.

"Kọ ọ́ pé ọmọ wọn."

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, èsì ya wọlé. Èèyàn mọ́kànlá ní àwọn ò ní dáwó mọ́, àwọn kì í bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Àwọn míì ò fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́, ìtàn màmá ni wọ́n kọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó dáwó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀gá pè é pé owó ogójì ọmọ náà ti pé fún sáà kìíní; ti sáà kejì, ẹ̀rọ á fi orúkọ ọ́fíìsì kọ̀wé, á bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkíni.

Ọkùnrin olórókún ọjọ́sí náà tún pè.

"Ìwọ lo ní wọn ò sí nílé lọ́jọ́sí?"

"Èmi ni, sà. Ẹ má bínú."

"Kí ni màá bínú sí? Ọmọ méjì ni màá san tiwọn lọ́dún yìí. Má jẹ́ kí ẹ̀rọ yín dúpẹ́ lọ́wọ́ mi o. Ìwọ fúnra ẹ ni kó o dúpẹ́."

Ó dúpẹ́. Ó wá rí i pé òun ń rẹ́rìn-ín.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó fa báàgì ẹrù màmá tí wọ́n kó fún un ní ọsibítù jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò tíì tú u rí. Aṣọ ìbora kan àti ìró méjì ló wà níbẹ̀. Ó pọn omi sínú báfù, ó fi ọṣẹ sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ wọ́n níkọ̀ọ̀kan.