Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Lọ Kí Bàbá Dánì

Lẹ́yìn ilé tí mò ń gbé ní Missouri City, lẹ́bàá Houston yìí, àwọn kan wà tí wọ́n ń kun ọkọ̀. Ọkọ̀ tó bá ti forí gbárí lórí freeway, ọ̀nà márosẹ̀ wọn, ni wọ́n máa ń gbé wá síbẹ̀. Wọ́n á nà án tọ́, wọ́n á fín in lọ́dà, ẹni tó bá rí i lẹ́yìn náà ò ní mọ̀ pé ó fara pa rí. Tí afẹ́fẹ́ bá kọjú sí wa, òórùn ọ̀dà yẹn á gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Àwọn aládùúgbò mi a máa bú wọn, wọ́n ní ó ń fọ́ àwọn lórí. Ti èmi yàtọ̀. Ńṣe ni mo máa ń dúró lójú fèrèsé bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Òórùn ibi tí mo gbé ṣe kékeré ni.

Abúlé ni, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin àbúrò mi tí wọ́n bí sí Houston níbí, tí ẹ bá gbọ́ abúlé, ẹ lè máa ro ahéré àti ewúrẹ́. Tiwọn kọ́ nìyẹn. Ilé bíríkì pupa ni, tó so kọ́ra wọn bí eyín, àti ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta kan tí ibojì yí ká, odò kékeré kan tí pẹ́pẹ́yẹ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, ilé ọtí kan, ilé-ìwé kan. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ wà, tó tóbi ju abúlé fúnra rẹ̀ lọ, bí ìgbà tí èèyàn kékeré bá dé fìlà ẹlòmíì. Gbogbo bàbá tí mo mọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Aṣọ tí màmá mi bá sá síta, òórùn ọ̀dà ni yóò gbé wọlé. Tí màmá bá ń ráhùn, bàbá mi á rẹ́rìn-ín: "Ṣebí òórùn ọkọ̀ tuntun ni? Àwọn kan ń gbààwẹ̀ nítorí ẹ̀ ní Èkó. Wọ aṣọ ẹ, jàre."

Iṣẹ́ bàbá mi ni láti máa nu ara ọkọ̀ kó tó wọ ibi tí wọ́n ti ń fín in lọ́dà. Aṣọ kan wà tí wọ́n fi ń nù ún, tó máa ń lẹ̀ mọ́ èèyàn lọ́wọ́ bí oyin. Bàbá mi a máa sọ fún wa pé eruku tó bá wà lábẹ́ ọ̀dà, bó ṣe wù kó kéré tó, títí ayé ni yóò wà níbẹ̀. Èmi kà á sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lásán.

Bàbá mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọjá èèyàn láìkí i. Tí wọ́n bá dé ẹnu iṣẹ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà: "Ẹ kú iṣẹ́ o!" Àwọn òyìnbó kọ́kọ́ ń wò wọ́n bí ẹni tí nǹkan ń ṣe. Nígbà tó yá, wọ́n ń dáhùn, "Òòò!" Nígbà tó tún yá, àwọn òyìnbó náà ti ń fi kí ara wọn. Orúkọ bàbá mi gùn, wọ́n sì gé e kúrú sí Ọ́lì, bí ẹni gé ẹ̀ka igi tó ń dí ojú fèrèsé. Inú bàbá mi dùn sí i. Wọ́n ní èèyàn kì í gé orúkọ ẹni tí kò bá ní pè.

Ẹni tó ń pè é jù ni aládùúgbò wa, tí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín ilé wa àti tirẹ̀. Bàbá Dánì là ń pè é, nítorí Dánì ọmọ rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi. Bàbá Dánì yìí ló ń so ilẹ̀kùn mọ́ ọkọ̀ nílé-iṣẹ́ náà. Ọkùnrin gìrìwò ni, ọrùn rẹ̀ pọ́n bí ata, bó bá rẹ́rìn-ín, abọ́ ilé wa á mì.

"Ọ́lì," ó máa ń wí, "lọ́jọ́ kan, o máa kí ẹ̀rọ, ó máa dá ọ lóhùn, gbogbo wa á sì sá jáde."

"Mo ti ń kí i tipẹ́," bàbá mi á dáhùn. "Ìwọ ni o kì í panu dé kó ráyè dáhùn."

Dánì ní tirẹ̀ fẹ́ràn ẹran dídín ìyá mi. Ó ti ṣàkíyèsí pé tí èmi bá dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi, inú wọn á dùn, abọ́ mi á sì kún. Lọ́jọ́ kan ló bá já wọlé, ó nà gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Ẹ kárọ̀, sà!" Ọ̀sán gangan ni. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn bu ẹran fún un. Láti ọjọ́ náà, kò tún sí ìgbà tó wọ ilé wa láìdọ̀bálẹ̀. Àwa méjèèjì la jọ máa ń rọ̀ mọ́ ọgbà wáyà ilé-iṣẹ́ yẹn, tí a ń wo ọkọ̀ tuntun tí wọ́n tò sí pápá lọ súà, tí a ń pín wọn láàárín ara wa. Èmi ni mo ni gbogbo pupa. Òun ló ni aláwọ̀ ewé.

Nígbà tí ìyá Bàbá Dánì kú, bàbá mi múra, wọ́n kó gbogbo wa sẹ́yìn, màmá se ìrẹsì, a lọ kí wọn. Àwọn ará ibẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Káàdì ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́, wọ́n á sì fi ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ sílẹ̀ kó dá ẹkún ara rẹ̀ sun. Ṣùgbọ́n Bàbá Dánì dì mọ́ bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà, ó sunkún bí ọmọdé, ó ní kò sẹ́lòmíì tó wá. Ọjọ́ yẹn ni bàbá mi gbà pé ọ̀fọ̀ kò ní èdè, pé bí a ṣe ń kí èèyàn nílé náà ni a ó ṣe máa kí i níbi gbogbo.

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ jù nínú pápá. Kò sẹ́ni tó ń rà wọ́n mọ́. Ní Ọjọ́ Ẹtì kan, àwọn ọ̀gá kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ sí yàrá ìjẹun, wọ́n ní ó parí, ilé-iṣẹ́ ti kógbá wọlé. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti dárúkọ àwọn díẹ̀ tí yóò ṣẹ́kù láti tú àwọn ẹ̀rọ ilé ọ̀dà, kí wọ́n dì wọ́n fún àwọn tó rà wọ́n lókè òkun. Bàbá mi wà lára wọn. Bàbá Dánì kò sí lára wọn.

Bàbá mi dé sílé, wọ́n jókòó, wọn ò bọ́ bàtà.

"Ẹ bá dúpẹ́, Daddy," ni màmá wí. "Ẹ̀yin ṣì níṣẹ́."

"Iṣẹ́ wo? Iṣẹ́ agbẹ́lẹ̀ òkú?"

Lọ́jọ́ kejì, ojú pópó dákẹ́ rọ́rọ́. Kò sẹ́ni tó ń fọ ọkọ̀, kò sẹ́ni tó ń gé koríko. A ò gbọ́ ẹ̀rín Bàbá Dánì lára ògiri. Bàbá mi ò lè gbà á mọ́ra. Wọ́n ní kí màmá se ìrẹsì.

"Ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀ díẹ̀," ni màmá bẹ̀ wọ́n. "Iṣẹ́ yín ò bọ́ o, tiwọn ló bọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣe jẹ́jẹ́."

"Ìdí tí mo fi gbọ́dọ̀ lọ náà nìyẹn. Tí iná bá jó ilé, ta ló ń lọ kí ta? Ẹni tí iná ò jó ló ń dìde. Tó bá jókòó sílé, ṣé wọn ò ní sọ pé òun ló tiná bọ̀ ọ́ ni? Ọ̀rẹ́ mi ni ọkùnrin yẹn. Tí mi ò bá lọ, a ò jẹ́ nǹkan kan fún ara wa mọ́."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe lọ lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn. Bàbá mi wọ bùbá àti ṣòkòtò aláró, wọ́n dé fìlà. Màmá fi aṣọ ìnura di ìkòkò mọ́ra. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tẹ̀ lé wọn. Láti ẹnu ọ̀nà wa dé tiwọn kò tó ibi tí èèyàn ń ju òkò sí, àmọ́ mo rí i tí kọ́tìnnì ń mì ní ilé tó wà lódìkejì.

Bàbá Dánì ló ṣílẹ̀kùn, tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì. Bàbá mi ṣí fìlà. Wọ́n ti to Gẹ̀ẹ́sì wọn sílẹ̀ láti ilé bí ẹni to abọ́.

"Ọ̀rẹ́ mi, a gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, a ní ká wá kí yín. Ẹ kú àmúmọ́ra. Ọlọ́run á fi èyí tó dára jù ú lọ rọ́pò."

Bàbá Dánì wo fìlà, ó wo aṣọ, ó wo ìkòkò. "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yìí ni."

"Iṣẹ́ ta?"

Bàbá mi ń yí fìlà lọ́wọ́.

"Mo ní iṣẹ́ ta, Ọ́lì? Ìwọ ń lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la. O wá múra, o kó ìyàwó àtọmọ sẹ́yìn, o ní kí wọ́n wá wò mí."

"Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nílé wa—"

"Ibí kì í ṣe ilé yín."

Ó ti ilẹ̀kùn. Kò gbá a o. Ó rọra tì í ni, bí ẹni tó mọ̀ nípa ilẹ̀kùn, títí ó fi dún tọ́. Kó tó tì í, mo rí Dánì lórí àtẹ̀gùn lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Èmi kọ́ ló ń wò. Ìkòkò ló ń wò.

Bàbá mi ní kí màmá gbé ìkòkò náà sílẹ̀, pé ẹni tó wá kíni kì í gbé oúnjẹ padà. Ìkòkò jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn. Òjò rọ̀ sí i. Àwọn ò gbé e, àwa náà ò gbé e, gbogbo ẹni tó ń kọjá ń wò ó, títí màmá fi lọ gbé e ní àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ kan, kí aládùúgbò tó jí.

Gbogbo wa la dá bàbá mi lẹ́bi. Màmá ní àwọn ti sọ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní wọ́n ti dójú ti òun. Èmi sunkún pé wọ́n ti gba Dánì lọ́wọ́ mi, nítorí pé láàárọ̀ Monday, nínú bọ́ọ̀sì ilé-ìwé, ó ti lọ jókòó sí apá kejì. Bàbá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ń lọ tú ẹ̀rọ lójoojúmọ́. Tí wọ́n bá ń bọ̀, àwọn tí wọ́n ti jọ ṣiṣẹ́ á dúró níwájú ilé ọtí. Bàbá mi á ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o!" Àwọn yẹn á wo ilẹ̀. Ó ṣe díẹ̀, bàbá mi kò kí wọn mọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí bàbá mi tí wọ́n kọjá èèyàn láìkí i nìyẹn, mo sì rò nígbà náà pé wọ́n ti gbọ́n.

Nígbà tí ẹ̀rọ tán, iṣẹ́ tiwọn náà tán. Àbúrò wọn tó jẹ́ nọ́ọ̀sì níbí ló ní ká máa bọ̀ ní Houston. Bàbá mi rí iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ní ilé ọ́fíìsì kan ní The Woodlands, ìlú kan lẹ́bàá Houston. Níbí, Yorùbá pọ̀ yí wa ká, ọ̀fọ̀ ń ṣẹ̀, àjálù ń ṣẹlẹ̀, màmá nìkan ló ń dá lọ kí wọn. Tí ẹni kan ní ṣọ́ọ̀ṣì bá bi bàbá mi pé, "Bàbá, ẹ ò bá wa lọ ni?" wọ́n á ní, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n simi." Àwọn kan ní ìgbéraga ni. Èmi tó mọ ìdí rẹ̀ ò gbèjà wọn rí.

Mo ti wo abúlé yẹn lórí fóònù. Wọ́n ti wó ilé-iṣẹ́ ọ̀hún, wọ́n kọ́ ilé tuntun síbẹ̀, wọ́n wá fi orúkọ àwọn ọkọ̀ yẹn sọ àwọn òpópónà. Mo rí àwòrán Dánì náà níbẹ̀. Orí rẹ̀ ti ń pá, ẹ̀rín bàbá rẹ̀ ló ń rín. Ìka mi wà lórí ibi tí mo fi lè kọ̀wé sí i. Mo gbé e kúrò.

Lọ́dún yìí, ilé-iṣẹ́ tí mo ti ń to páìpù epo ní kí èmi náà máa lọ sílé. Àwọn ọ̀rẹ́ mi fi àwòrán ọwọ́ àdúrà ránṣẹ́ sórí fóònù mi. "It is well, bro." Kò sẹ́ni tó yà wọlé. Mo ti ń bá ara mi sọ ọ́ pé bí ayé ṣe rí nísinsìnyí nìyẹn, ni bàbá mi pè mí ní ọ̀sán ọjọ́ kan.

"Mo wà nísàlẹ̀."

"Ìsàlẹ̀ ibo, Daddy?"

"Ilé ẹ. Mo wà nínú mọ́tò." Mo ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì tó ṣì ń dún. "Ṣé kí n gòkè wá ni, àbí kí n máa lọ?"

Ẹ gbọ́ mi o. Bàbá tó bí mi lọ́mọ ló ń bi mí bóyá kí òun wọlé mi. Mo sáré sọ̀ kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ lórí kọnkéré, mo mú wọn gòkè. Wọ́n jókòó sí etí àga. Wọ́n béèrè bóyá AC mi ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Wọ́n ní òjò ọdún yìí pọ̀. Wọ́n mu omi. Èmi ń retí kí wọ́n kí mi. Mi ò retí owó tàbí ìmọ̀ràn. Ọ̀rọ̀ méjì péré, kú àmúmọ́ra, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún Bàbá Dánì. Wọn ò sọ ọ́. Mo rí i tí ètè wọn mì lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì tún gbé ife omi.

Nígbà tí wọ́n dìde, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò wojú mi.

"Má bínú pé mo wá," ni wọ́n wí.

Ilé-iṣẹ́ lè wó kí wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, kódà ìṣẹ́ kì í pẹ́ títí. Ẹsẹ̀ bàbá mi ṣì mọ ọ̀nà ilé ẹni tí ọ̀ràn bá ṣẹlẹ̀ sí. Ẹnu tí wọ́n fi ń kíni ni àwọn ará abúlé yẹn gbà lọ́wọ́ wọn, àwa tí a wà nílé la sì fọwọ́ sí i nígbà tí a dá wọn lẹ́bi.