Ẹ̀ẹ̀mejì Tí Mo Sọ Pé Ara Rẹ̀ Le

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà, àwọn àgbà àdúgbò wa a máa wá sí agbo ilé wa lẹ́yìn ìkórè láti wá yẹ ọkùnrin wò. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí. Mo ní wọ́n ń yẹ ọkùnrin wò, bí ẹni tó fẹ́ ra ewúrẹ́. Ìjàkadì ni wọ́n ń wá a fún. Lọ́dọọdún ni àdúgbò wa máa ń bá àdúgbò òdìkejì odò jà, a sì máa ń ní ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe láti lọ dá ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó dúró sójú kan, kí wọ́n máa wá kọlù ú lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má sì rí i gbé ṣubú.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni wọ́n mú. Wọ́n ti kéde rẹ̀ fún gbogbo ìlú, àyẹ̀wò ìkẹyìn ló kù. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà tẹ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Òmíràn ní kó gbé odó sí èjìká, kó lóṣòó, kó sì dìde. Ẹnì kẹta fi okùn wọn apá rẹ̀ láti èjìká dé orí ìka, ó sì fi okùn náà han àwọn tó kù. Wọ́n mi orí pé ó dára.

Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé ẹ̀gbọ́n mi já bọ́ láti orí ọ̀pẹ ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú. Ó dìde fúnra rẹ̀, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ó bì, ó sì bi mí pé kí ló dé tí mo fi di méjì lójú òun. Ìyá wa mọ̀. Ìyá wa gbà pé bí èèyàn bá ti fi ẹnu pe àìsàn ọmọ lójú àlejò, aráyé ti gbọ́ nìyẹn, àìsàn náà á sì fìdí múlẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, ara le, a dúpẹ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa láti máa kúnlẹ̀ kí àgbà ni wọ́n ṣe kọ́ wa ní èyí náà.

Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn yíjú sí mi, ó gbà pé ọmọdé ò lè parọ́ fún òun. Ó ní, "Ìwọ ọmọbìnrin yìí, ṣé kò sí nǹkan kan tó ń ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ?"

Mo kúnlẹ̀. "Ara rẹ̀ le, bàbá. A dúpẹ́."

Ẹran méjì ni ìyá mi fi sí ọbẹ̀ mi nígbà tí a fẹ́ jẹun. Ní ọjọ́ ìjàkadì, ẹ̀gbọ́n mi dúró de ẹni àkọ́kọ́, ó dúró de èkejì. Ẹnì kẹta fi orí gbá a láyà, ó ṣubú sẹ́yìn, kò sì dìde mọ́. Ọjọ́ kejì la sin ín. Èmi àti ìyá mi ò sọ ọ̀rọ̀ náà títí ìyá mi fi kú.

Ẹ ó ní kí ló kan New York ńbẹ̀. Ó kàn án o. Mo ti pẹ́ ní Morris Heights níbí ju iye ọdún tí mo lò nílé lọ. Àwọn arúgbó tí iyè wọn ti ra ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Jamaica nínú New York yìí kan náà. Mo ń fún wọn lóúnjẹ, mo ń lẹ bébà mọ́ ilẹ̀kùn kí wọ́n lè mọ èyí tó jẹ́ ti balùwẹ̀. Ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo kú nígbà tí ọmọkùnrin rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, ọmọ náà sì di tèmi. Ó ga, ó fẹ̀, ó ń jẹun bí ẹni tí wọ́n ràn níṣẹ́. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ló yàn láàyò, èyí tí wọ́n ń gbé mọ́ra sáré, tí wọ́n sì ń kọlu ara wọn. Ẹ̀yìn ni wọ́n fi òun sí: kí ó dá àwọn tó ń bọ̀ dúró, kí ẹnikẹ́ni má kọjá.

Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó ti pápá bọ́ọ̀lù dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó dúró síwájú fíríìjì, ó ní, "Mama, ìgbà wo ni Mummy máa ti ibi iṣẹ́ dé?" Ìyá rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́wàá. Mo mọ ohun tí mò ń wò, iṣẹ́ mi ni. Síbẹ̀ mo fa kọ́tìnì, mo tì í mọ́lé ní ọjọ́ mẹ́rin, mo sì sọ fún iléèwé pé ibà ni. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, mo kọ́ ọ ní ohun tí ìyá mi kọ́ mi.

"Bí wọ́n bá bi ọ́, kí lo máa sọ?"

"Ara le, Mama. A dúpẹ́."

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá kan yàn án. Pálọ̀ mi kún fún àwọn ará ìjọ, wọ́n ń ké halelúyà. Mo rò pé ó ti parí, àṣé wọn ò tíì wò ó tán. Wọ́n wọn apá rẹ̀, wọ́n wọn àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, wọ́n ka ìṣẹ́jú àáyá tó fi sáré. Àwọn ọkùnrin oníkóòtù jókòó nínú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń fún un ní máàkì bí ọmọ iléèwé: ẹsẹ̀ rẹ̀ dára, ọwọ́ rẹ̀ gùn, kò ń bẹ̀rù. Ọ̀kan ṣáà sọ pé àléébù kan ló ní, pé orí ló máa ń kọ́kọ́ fi lọ bó bá fẹ́ dá èèyàn dúró. Mo pa tẹlifíṣọ̀n náà.

Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan ti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ náà wá sílé wa. Ọmọlúàbí ni, ó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó jẹ dòdò mi. Ó béèrè bóyá ọmọ náà ti fi orí gbá nǹkan rí débi tó fi dákú, tàbí tó fi gbàgbé ohun tó yẹ kó mọ̀. Ọmọ ọmọ mi ń wo ilẹ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá la ẹnu, wọ́n lè dá a padà, kí gbogbo ohun tó ti ń lé láti kékeré sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òyìnbó tí ọkùnrin náà ń sọ yé mi ketekete. Mo fi òyìnbó dá a lóhùn pé ara rẹ̀ le, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì kí mi pé mo ṣeun. Nígbà tó lọ tán, ọmọ mi gbá mi mọ́ra títí ẹ̀yìn fi ń ro mí. Ẹran méjì inú ọbẹ̀ ìjọ́sí ni mo rántí.

Ọdún kejì tó gbá a fún wọn ló fi orí lọ bí ìṣe rẹ̀, tó sì wà nílẹ̀ níbẹ̀. Mo dìde dúró níwájú tẹlifíṣọ̀n, mo ń pè é lóríkì, bí ẹni pé á gbọ́ mi. Nílé ìwòsàn, dókítà tún bi mí ní ìbéèrè kan náà, ọjọ́ yẹn ni mo tó sọ ọ́, ti fíríìjì, ti ọjọ́ mẹ́rin, gbogbo rẹ̀. Kò jágbe mọ́ mi. Ó kàn dẹ́kun ìwé kíkọ, ó ń wò mí. Ì bá kúkú jágbe mọ́ mi.

Ọ̀dọ̀ mi ló wà báyìí. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, mo sì ti lẹ bébà mọ́ ilẹ̀kùn balùwẹ̀ nínú ilé ara mi.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Okùn la fi ń wọn apá èèyàn láyé ọjọ́un, lónìí ẹ̀rọ ń wo inú eegun. Kò sí ohun tí wọn ò wọ̀n lára ọmọ yẹn. Ọ̀kan ṣoṣo tó yẹ kí wọ́n mọ̀, ẹnu mi ló wà, mo sì pa á dé. Mi ò lè di ẹ̀bi náà ru ìyá mi. Òun ò mọ ohun tó wà nínú orí èèyàn. Èmi mọ̀ ọ́n.

Láàárọ̀ òní mo wọ yàrá rẹ̀. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọwọ́ bo ojú nítorí ìmọ́lẹ̀. Mo ní, "Ṣé ara le?"

"Ara le, Mama. A dúpẹ́."

Mo jókòó tì í. Mo sọ ti ẹ̀gbọ́n mi fún un, ti orí ọ̀pẹ àti ti ẹran inú ọbẹ̀, tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Lẹ́yìn náà mo ní, "Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìdáhùn yẹn. Mo bẹ̀ ọ́, má fi dá mi lóhùn mọ́. Ṣé ara le?"

Ó gbé ọwọ́ kúrò lójú.

"Orí ń fọ́ mi, Mama."

"Láti ìgbà wo?"

"Mi ò rántí ìgbà tí kò fọ́ mi."