Ilẹ̀ Ẹyin Sepora

"Nesta, ta ló ń wa ẹyin nínú ilẹ̀ ìyá yín báyìí?"

Obìnrin tó bi í ní ìbéèrè yìí ń tajà ní ọjà Honiara, olú ìlú wọn. Ará erékùṣù Savo bíi tirẹ̀ ni. Ó pàtẹ ẹyin ẹyẹ ilẹ̀ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó ìkúùkù ọmọdé. Nesta kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ta ni ì bá tún jẹ́? Ẹ̀gbọ́n mi Rodina ni." Obìnrin náà wò ó, ó panu dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ewé di ẹyin méjì fún un. Nesta sanwó, ó gba ẹyin, ó ń lọ. Ṣùgbọ́n ìpanudé yẹn bá a délé. Ẹni tó bá béèrè ọ̀rọ̀ tí kò sì janpata lórí èsì, ó ní ohun tó mọ̀.

Erékùṣù Savo kò ju òkè kan ṣoṣo tó yọrí láàárín òkun lọ, iná sì ń bẹ nínú òkè náà. Ó sùn ni, kò kú. Ní apá ibì kan létí òkun, iyanrìn gbóná láti ìsàlẹ̀ wá. Ibẹ̀ ni àwọn ẹyẹ ilẹ̀, àwọn ẹyẹ dúdú kan tó fara jọ àparò, máa ń wá ní ìdájí. Wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n á yé ẹyin sí i, wọ́n á bò ó, wọ́n á bá tiwọn lọ. Wọn kì í sàba, ilẹ̀ ní í bá wọn sàba. Àwọn baba ńlá ti pín ilẹ̀ náà tipẹ́tipẹ́, wọ́n fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ọgbà sí i láàárín, ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọ sì ti ń jogún tirẹ̀.

Sepora ló bí Rodina àti Nesta. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Nesta nígbà tí Sepora kọ́kọ́ dá a dọ̀bálẹ̀ sẹ́nu ihò, tó ní kó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí dé èjìká. "Rọra. Bí iyanrìn bá rọ̀ lójijì, dá ọwọ́ dúró, ẹyin ti dé nìyẹn. Kí ẹnu ihò sì fẹ̀ o, kó má baà wó lù ẹ́." Nesta mọ iṣẹ́ náà kó tó mọ ìwé.

Nígbà tó dàgbà, ó gba iṣẹ́ oúnjẹ sísè ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Honiara, ibẹ̀ ló ti pàdé Irosaya, káfíńtà, ọmọ erékùṣù Malaita. Kò pẹ́ tí wọ́n ṣègbéyàwó ni rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n ń lé àwọn ará Malaita kúrò ní Guadalcanal, erékùṣù tí Honiara wà. Nesta gbé ọmọ rẹ̀ Kezaya, tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, ó sì tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ lọ sí abúlé àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ ní Malaita. Ìbọn wà lójú omi, kò sí ọkọ̀ tó ń kọjá. Ibẹ̀ ló wà tí Sepora fi kú. Ọjọ́ mọ́kànlélógún lẹ́yìn ìsìnkú ni ìròyìn tó dé etí rẹ̀.

Rògbòdìyàn parí. Wọ́n padà sí Honiara. Àwọn ọkọ̀ ojú omi tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Savo, kò sì gbà ju wákàtí méjì lọ. Nesta kò lọ. Ọdún àkọ́kọ́, ó ní òun kò ní ẹlẹ́dẹ̀ tí òun ó fà lọ sílé òkú bí àṣà ti wí. Ọdún kejì, ó ní ọmọ kò yá. Ọdún kẹta, ìtìjú ti hu gbòǹgbò, ẹni tí ìtìjú bá ti dá dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í tètè gbéra. Ọdún mẹ́tàdínlógún kọjá bẹ́ẹ̀.

Ohun tó lé e dìde ni pé ilẹ̀ tí ilé wọn wà ní Honiara kì í ṣe tiwọn, àwọn onílẹ̀ sì ti ní kí wọ́n máa palẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ Malaita, ọwọ́ ọkùnrin ló ń gbà. Rodina ní tirẹ̀, ọmọkùnrin méjì ló bí. Kezaya nìkan ṣoṣo ni obìnrin tó kù nínú ìran Sepora. Bí Rodina kò bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ilẹ̀ rẹ rè é, tí àwọn ará abúlé sì gbọ́, a jẹ́ pé ọmọ náà kò ní ilẹ̀ kankan láyé nìyẹn. Ìyẹn ni Nesta ń rò tó fi sọ fún ọkọ àti ọmọ rẹ̀ pé, "Ní ìsinmi yìí, ẹ jẹ́ ká lọ wo òkè wa." Ẹnu ìgbafẹ́ ló fi sọ ọ́.

Lójú omi, Irosaya di etí ọkọ̀ mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Awakọ̀ ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣebí ẹ̀yin ará Malaita lẹ sọ pé inú òkun ni wọ́n ti bí yín?"

"Àwọn ará etí omi lo ń bá wí. Orí òkè ni wọ́n ti bí èmi. Gbájú mọ́ ẹ́ńjìnnì ẹ."

Kezaya rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Nesta kò rẹ́rìn-ín. Òkè Savo ti ń yọ níwájú, èéfín fẹ́ẹ́rẹ́ kan wà ní ìhà rẹ̀ bí ti ẹni tó ń dáná ìrọ̀lẹ́.

Abẹ́ ilé ni wọ́n bá Rodina, ó jókòó sórí ẹní, ó ń jẹ bítù, èso igi tí wọ́n máa ń jẹ bí obì, pẹ̀lú ẹfun, ẹnu rẹ̀ pọ́n. Kò dìde.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin àlejò."

"Ẹ̀gbọ́n, èmi ni o."

"Mo rí ẹ. Ojú mi ò tíì fọ́." Ó wo Kezaya láti orí dé ẹsẹ̀. "Èyí ni ọmọ náà? Ó jọ Ìyá. Ó yẹ kí ẹnì kan ti sọ fún mi."

Irosaya sọ àpò ìrẹsì kalẹ̀, ó to ẹja inú agolo lé e lórí. Rodina yọ ojú sí i. "Kí lèyí? Wọ́n ní ebi ń pa wá ni?"

"Rárá o, Ẹ̀gbọ́n. Èmi ni ebi máa ń pa. Mo gbé e dání fún ara mi ni."

Ètè Rodina mì díẹ̀, bí ẹni pé ẹ̀rín fẹ́ jáde, ṣùgbọ́n ó tu omi bítù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, ẹ̀rín náà sì bá a lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Kezaya ní àfi kí òun rí ẹnu òkè. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbéra ní òwúrọ̀, wọ́n tọ odò tí omi rẹ̀ ń hó lọ sókè. Wọ́n di ẹ̀gẹ́ sínú ewé, wọ́n kì í bọ ihò kan tí ooru ń tú jáde, kí ó jinná kí wọ́n tó bọ̀. Nígbà tí wọ́n dé òkè, ilẹ̀ funfun, ó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, èéfín ń tẹnu àpáta yọ.

"Màmá, òkè yìí ń mí."

"Má tẹ ibẹ̀ yẹn! Èèpo lásán ni, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣófo. Tọ ẹsẹ̀ mi."

Láti òkè yẹn, ilẹ̀ ẹyin hàn nísàlẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n lẹ̀. Kezaya nawọ́ sí i. "Èwo ni tiwa níbẹ̀?"

"Wo igi ńlá tó wà ní ìpẹ̀kun yẹn. Láti ìdí rẹ̀, tiwa ni ìkẹrin." Ó sọ ọ́ gbọnmọgbọnmọ, ṣùgbọ́n láti ibi tó dúró sí, kò lè fi ìka tọ́ka sí i.

Ní ìrọ̀lẹ́, bí wọ́n ti ń jẹun, Nesta kó ọ̀rọ̀ jọ, ó sọ ọ́. "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ kí ẹ fi ilẹ̀ Ìyá han Kezaya."

Rodina kò gbójú sókè. "Ilẹ̀ ò sá lọ síbì kankan. O mọ ọ̀nà."

Nesta gba ọ̀rọ̀ náà bí àṣẹ tí a fi ìbínú fúnni. Àṣẹ ṣáà ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó jí Kezaya, wọ́n mú apẹ̀rẹ̀, wọ́n lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí igi ńlá náà, ó ka ọ̀kan, ó ka èjì, ó ka ẹ̀ta. Lẹ́yìn ìyẹn, igbó ni ó kàn, igi inú rẹ̀ tó itan ènìyàn, okùn igbó sì ti wé mọ́ra wọn. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé èyí kì í ṣe ilẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ó fò ó. Lẹ́yìn igbó ni ilẹ̀ kan wà tí wọ́n gbá mọ́ tónítóní. Ìlà ọwọ̀ wà lórí iyanrìn rẹ̀, ó dà gẹ́rẹ́ sí òsì bí ti ẹni tó ń fi ọwọ́ òsì gbálẹ̀. Rodina, òsì ló ń lò. Omi lé ròrò lójú Nesta. "Ìkẹrin rè é, Kezaya. Wo bí Màmá Rodina ṣe tọ́jú ẹ̀."

Ó dọ̀bálẹ̀, ó kọ́ ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ti kọ́ òun. Ihò mẹ́ta ni wọ́n gbẹ́, wọ́n kó ẹyin mẹ́rin. Ẹyin karùn-ún, ìka Nesta tí kò ṣe iṣẹ́ yìí láti ọjọ́ pípẹ́ wọ inú rẹ̀, pupa ẹyin sì tú sí iyanrìn.

"Olè! Olè ará Honiara!"

Bàbá àgbàlagbà kan ló ń bọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá. Lonsdel ni, aládùúgbò Sepora láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Nesta dìde, iyanrìn kún irun rẹ̀. "Bàbá Lonsdel, ẹ ò mọ̀ mí mọ́? Nesta ọmọ Sepora ni mí. Ilẹ̀ ìyá mi ni mo ń wà."

"Ilẹ̀ ìyá ta? Ilẹ̀ ìyá tèmi lò ń wà yẹn! Àbí Malaita ni wọ́n ti kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀?"

"Mo kà á, Bàbá. Ìkẹrin ni."

"O kà á pẹ̀lú ojú wo?"

Rodina ti dé ẹ̀yìn wọn nígbà náà, ọwọ̀ àti agbọ̀n wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń bọ̀ wá síbi iṣẹ́ ni. Ó wo ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó wo ẹyin tó fọ́.

Lonsdel kọjú sí i. "Rodina, o ò sọ fún un?"

"Mo ṣebí ó mọ ilẹ̀ Ìyá."

"Èwo wá ni ilẹ̀ Ìyá?" Nesta ló béèrè.

Rodina fi ẹnu ọwọ̀ tọ́ka sí igbó.

Ẹyẹ kan fò jáde láti inú igbó náà, kì í ṣe ẹyẹ ilẹ̀.

Rodina rọra sọ ọ́, bí ẹni tó ti há a sórí tipẹ́. "Ọjọ́ tí Ìyá máa kú, ó pe gbogbo ilé. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ti ọwọ́ bọ ilẹ̀ òun títí àwọn ọmọ òun méjèèjì yóò fi jọ dúró sínú rẹ̀. Gbogbo abúlé ló gbọ́. Ó rò pé oṣù kan ni. Ó pọ̀ jù, méjì." Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀. "Ilẹ̀ Bàbá Lonsdel yìí ni mò ń gbá. Tí mo bá wa ẹyin mẹ́wàá, méjì ni tèmi. Òun ni mo fi rán àwọn ọmọ mi níléèwé, títí owó náà kò fi ká a mọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ ò ránṣẹ́ sí mi?"

"Ṣé wọ́n máa ń ránṣẹ́ pe ọmọ wá síbi sàréè ìyá ẹ̀ ni?"

Nesta wolẹ̀. Ìlà ọwọ̀ tó wà lórí iyanrìn, òótọ́ ni pé ọwọ́ Rodina ló fà á.

Irosaya ti sáré dé nígbà tó gbọ́ ariwo. Ó mú owó jáde fún Lonsdel, ó sì tẹríba. Bàbá ti owó náà sẹ́yìn. "Ṣé owó ni mo rì sínú ilẹ̀?" Ó ka ẹyin mẹ́rin sínú agbọ̀n Rodina. "Mẹ́rin pé. Ó ku ọ̀kan. Ẹyin ni mo fẹ́, inú ilẹ̀ Sepora ni kó sì ti wá. Mi ò gba ti ibòmíràn."

Irosaya ní, "Bàbá, igbó ni ibẹ̀."

"Mo mọ̀. Ojú mi ló ṣe di igbó."

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni wọ́n fi àáké la ọ̀nà wọlé. Lonsdel àti àwọn aládùúgbò dúró lẹ́nu ọgbà, wọ́n ń wò. Nígbà tí ibi tó fẹ̀ tó ẹní mọ́, Rodina àti Nesta dúró sí i, èjìká kan èjìká, wọn kò wo ara wọn lójú. Rodina fa Kezaya wọlé, ó kúnlẹ̀, ó ki ọwọ́ ọmọ náà bọ ilẹ̀ láàárín gbòǹgbò méjì.

"Ṣé ó gbóná?"

"Díẹ̀, Màmá Rodina."

"Ilẹ̀ rẹ nìyẹn. Gbogbo yín gbọ́ o."

Wọ́n gbọ́. Ohun tí Nesta bá wá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí a kò gbẹ́ fún ọdún mẹ́tàdínlógún ti le bí èèpá, gbòǹgbò sì ti hun ún. Ẹyẹ ilẹ̀ kì í yé síbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè wọ̀. Ọjọ́ Ajé, ọkọ̀ gbé wọn padà sí Honiara. Rodina kò sin wọ́n dé etí omi, ó lọ gbá ilẹ̀ Lonsdel.

Láti ìgbà náà, oṣooṣù ni Nesta ń lọ. Ó ń tu gbòǹgbò, ó ń jọ iyanrìn. Rodina máa ń bọ́ sínú rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti parí iṣẹ́ Bàbá Lonsdel. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa gbòǹgbò àti òjò, kò sí nípa ohun mìíràn. Ní ọdún kejì, wọ́n rí ibi tí ẹyẹ kan ti fi èékánná ha ilẹ̀. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n wà á títí ó fi dé èjìká Nesta. Òfo ni.

Lonsdel ti di arúgbó, kò lè rìn jìnnà mọ́. Bí Nesta bá kọjá lẹ́nu ilé rẹ̀, á nahùn láti inú ilé, "Ọmọ Sepora, ẹyin mi dà?"

"Kò tíì jáde, Bàbá."

"Mò ń dúró."

Àwọn onílẹ̀ ní Honiara ti lé wọn kúrò, inú ilé kan tí wọ́n háyà ni wọ́n wà báyìí. Ẹyin kan ṣoṣo ni gbèsè tí Nesta jẹ ní Savo tí ẹnikẹ́ni ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó jẹ Rodina, ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ rẹ̀. Kò tíì san ìkankan nínú méjèèjì.